Bọ́ílà àti Ọ̀nà Èéfín Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni ilé tí ènìyàn ń sùn sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń dáná. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò sábà máa ń wà, lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri yíká, tàbí nínú ilé ìdáná tí a fi àlàfo sílẹ̀ láàárín orí ògiri rẹ̀ àti òrùlé, kí èéfín lè rí ibi gbà jáde. Bí igi bá tutù tí èéfín sì pọ̀, ojú ìyálé ilé ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un: yóò máa ta á, yóò máa ṣomi, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dìde bọ́ síta. Nínú irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú òwe tí ó sọ pé èéfín ni ìwà, kò ṣe é bò mọ́lẹ̀. Ohun tí òwe náà gbé ara lé ni pé èéfín a máa fi ara rẹ̀ hàn. Ojú ń rí i, imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ọ̀fun sì ń húkọ́ nítorí rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé tàbí láti ṣiṣẹ́ yóò bá ilé mìíràn pàdé. Iná ń jó nínú ilé náà fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ṣùgbọ́n kò ní rí iná náà, kò sì ní rí èéfín rẹ̀. Inú àpótí funfun kan tí a gbé kọ́ ara ògiri ilé ìdáná, tàbí tí a tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, ni iná náà wà. Bọ́ílà ni a ń pe àpótí yìí. Ó ń mú omi gbóná, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń ti omi gbígbóná náà gba inú páìpù lọ sínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí ó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ilé yóò fi móoru. Omi ìwẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń wá ní ilé púpọ̀. Ènìyàn lè gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí èéfín iná náà ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè yìí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ bi onílé lọ́jọ́ tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́, nítorí pé èyí tí ó léwu jù lọ nínú ohun tí iná gáàsì lè mí jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ta ènìyàn lójú. Èéfín yìí ṣe é bò mọ́lẹ̀.

Kí bọ́ílà tó gbòde, èédú ilẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń dá sínú ààrò inú yàrá wọn, ihò tí a fi bíríkì mọ gòkè títí ó fi la òrùlé kọjá sì ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá gbójú sókè wo àwọn ilé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí ẹnu àwọn ihò náà tí wọ́n tò lórí òrùlé bí ìkòkò amọ̀ lọ́jà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, òtútù mú gidigidi, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, èéfín ààrò ilé gbogbo pẹ̀lú ti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó bo ìlú náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Iye ènìyàn tí ìjọba ìgbà náà ṣírò pé ó kú tó 4,000. Àwọn onímọ̀ tí ó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà gbé iye náà ga dé bí 12,000. Ní ọdún 1956 ni Ilé Aṣòfin wọn ṣe òfin tí ó ká èéfín dúdú lọ́wọ́ kò, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gáàsì ti wà ní ilé wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n inú èédú ni wọ́n ti ń fà á yọ nígbà náà, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, èyí tí í ṣe májèlé tí a ń sọ nípa rẹ̀ yìí, sì ti wà nínú rẹ̀ kí a tó ṣáná sí i rárá. Láàárín ọdún 1967 sí 1977 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà sí gáàsì tí wọ́n ń fà láti abẹ́ Òkun Àríwá. Gáàsì tuntun yìí kò ní májèlé náà nínú, ó sì rọrùn láti rò pé ewu ti tán. Kò tán. Ibi tí a ti ń jó gáàsì náà ni májèlé ti lè dá ara rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí, ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde ni yóò sì sọ bóyá ìta ni yóò lọ tàbí inú yàrá.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ó yẹ kí a mọ ohun tí iná ń jẹ. Mẹ́téènì ni ó pọ̀ jù nínú gáàsì Òkun Àríwá. Òṣùwọ̀n kan rẹ̀ kò lè jó tán láìsí òṣùwọ̀n ọ́ksíjìn méjì, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ 10, nítorí pé ọ́ksíjìn kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lọ. Bí iná bá rí iye yìí jẹ, ọwọ́ iná rẹ̀ yóò mú, yóò sì ní àwọ̀ aró, ohun méjì ni yóò sì mí jáde: oru omi, àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí àwa náà ń mí síta. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó o jẹ, tàbí bí èéfín tirẹ̀ bá tún ṣẹ́rí padà wá bá a, yóò jó lábọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ọwọ́ iná náà yóò di pípọ́n, yóò máa mì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ti àtùpà elépo, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, èròjà pupa kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ọ́ksíjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró kiri gbogbo ara. Bí kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ṣe ń lẹ̀ mọ́ èròjà yìí ju ìlọ́po 200 lọ sí bí ọ́ksíjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dà bí èrò tí ó wọ ọkọ̀, tí ó jókòó sí àyè onílé, tí ó sì kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn yóò máa mí wọlé mí jáde, ṣùgbọ́n ọ́ksíjìn kò ní dé ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ ọ, òòyì yóò kọ́ ọ, inú rẹ̀ yóò máa rú, ara rẹ̀ yóò sì ṣe ọ̀lẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ olóoru dé yóò ní òtútù ni, tàbí ibà tí ó bá òun wá láti ilé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú oorun ni ó wà, ó lè má jí mọ́. Àmì kan wà tí a fi lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àìsàn mìíràn: gbogbo àwọn tí ó wà nínú ilé ni yóò máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ara wọn yóò sì fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde lọ síbi iṣẹ́, yóò tún padà bí wọ́n bá wọlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Skọ́tílándì kan, John Scott Haldane, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Oxford, ni ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí yé ayé. Ní ọdún 1895 ó tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí ó ti fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, tí ó ń mí májèlé náà sínú tí ó sì ń kọ ohun tí ó ń ṣe é sílẹ̀. Ní ọdún 1896 ó fi hàn nínú ìròyìn tí ó kọ fún ìjọba pé púpọ̀ nínú àwọn awakùsà èédú tí ó kú nígbà tí ihò bá bú gbàmù, iná kọ́ ni ó pa wọ́n, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì ni. Òun ni ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa mú ẹran kékeré wọ inú ihò, nítorí pé ara rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ara ènìyàn kò tíì gbọ́. Báyìí ni ẹyẹ kánárì ṣe di alábàárìn awakùsà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1986. Bí ó ti wù kí imú awakùsà mú tó, kò gbọ́ òórùn ohun tí kò ní òórùn, ẹyẹ ni ó ń bá a gbọ́ ọ.

Májèlé yìí kan náà ni ó ń pa odidi ìdílé ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, tàbí sí ìdí fèrèsé nítorí òjò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Bọ́ílà kì í pariwo. Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún èéfín rẹ̀ nìkan ni ó ń dá ààbò bo àwọn tí ń sùn nítòsí rẹ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, “ọ̀nà èéfín” ni a ó máa pe páìpù tí ń gbé èéfín láti inú bọ́ílà lọ síta, a ó sì máa pe ibi tí ó ti yọrí jáde ní “ẹnu” rẹ̀. Oríṣi méjì ni ọ̀nà èéfín pín sí, ìyàtọ̀ wọn sì wà nínú ibi tí bọ́ílà ti ń rí afẹ́fẹ́ jẹ.

Oríṣi àkọ́kọ́, èyí tí ó ti ń dín kù, inú yàrá gan-an ni ó ti ń fa afẹ́fẹ́. Páìpù kan ṣoṣo ni ó ní, èyí tí ń gbé èéfín gòkè kọjá òrùlé. Nínú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, kò sí ohun tí ń ti èéfín náà bí kò ṣe ooru ara rẹ̀; afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju èyí tí ó tutù lọ, nítorí náà ó ń gòkè. Nítorí èyí, páìpù náà gbọ́dọ̀ lọ sókè tààrà bí ó bá ti lè ṣe é ṣe tó, kí ó má ṣe máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ògiri yàrá náà sì gbọ́dọ̀ ní ihò atẹ́gùn tí kò ní ìlẹ̀kùn, tí ó ṣí sílẹ̀ tọ̀sán tòru. Nǹkan méjì ni ó máa ń ba irú bọ́ílà yìí jẹ́. Èkínní ni akísà. Ayálégbé tí òtútù ń pa yóò rí ihò tí atẹ́gùn dídì ń gbà wọlé, yóò sì rò pé ọ̀lẹ ni ẹni tí ó kọ́lé tí kò dí i. Yóò wá ki akísà tàbí ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu iná.

Èkejì ni fáànù tí a fi ń fa òórùn ọbẹ̀ jáde nínú ilé ìdáná, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ronú kàn. Bí a bá ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, tí fáànù náà sì ń fa afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ gba ibì kan wọlé dípò rẹ̀. Bí kò bá rí ibòmíràn gbà, ọ̀nà èéfín ni yóò gbà. Èéfín tí ó ti ń gòkè lọ yóò wá yí ojú padà, yóò sì dà sínú yàrá. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ gáàsì tí ó mọṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbogbo, tí yóò tan fáànù, tí yóò jẹ́ kí bọ́ílà gbóná, tí yóò sì mú ìṣáná kan tí ń rú èéfín funfun súnmọ́ ìdí páìpù náà, kí ó lè fi ojú rí i bóyá páìpù ń fa èéfín náà mu tàbí ó ń tu ú padà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé irú bọ́ílà bẹ́ẹ̀ sínú ilé ìwẹ̀.

Oríṣi kejì ni ó pọ̀ jù lóde òní. A ti í pinpin kúrò lára afẹ́fẹ́ yàrá. Páìpù kan wà nínú páìpù mìíràn, wọ́n sì jọ la ògiri kọjá síta: ti òde ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé fún iná, ti inú ń gbé èéfín jáde, fáànù kékeré inú bọ́ílà sì ń ti gbogbo rẹ̀. Fáànù ọbẹ̀ kò lè dà á rú, ẹni tí ó sì ki akísà bọ ihò ògiri kò pa iná rẹ̀ lára. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó mú ènìyàn sùn fọnfọn. Bí rọ́bà tí ó so oríkèé páìpù náà pọ̀ bá gbó, tàbí bí oríkèé kan bá yọ́ kúrò lára èkejì, fáànù kan náà tí ó yẹ kí ó ti èéfín jáde ni yóò máa tì í sínú ilé.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni òfin ti sọ pé bọ́ílà gáàsì tuntun tí a bá gbé sí ilé ní England àti Wales, àyàfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí kò ti lè ṣe é ṣe, gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ń fa ooru yọ nínú èéfín ara rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó jáde. Èéfín náà yóò tutù tó bẹ́ẹ̀ tí oru omi inú rẹ̀ yóò di omi, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá rẹlẹ̀ ju bí ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí èyí ni a fi ń rí ìkùukùu funfun lẹ́nu páìpù ara ògiri ilé wọn ní òwúrọ̀ ọ̀gìnnìtìn. Àlejò a máa bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkùukùu yẹn kọ́ ni májèlé, omi ni.

Omi yìí kan ọ̀nà èéfín ní ọ̀nà méjì. Ó kan díẹ̀díẹ̀, nítorí náà irin lásán kò lè gbà á, ike ni a fi ń ṣe páìpù rẹ̀ nígbà púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni páìpù tí ó la ògiri kọjá kò gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ díẹ̀ síhà bọ́ílà, kí omi lè ṣàn padà sínú rẹ̀, kí ó sì gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sínú gọ́tà. Bí ó bá rọ̀ síta, omi yóò máa kán sórí àwọn tí ń kọjá, yóò sì di yìnyín lẹ́nu páìpù. Bí ó bá tẹ̀ kọdọrọ láàárín, omi yóò dúró síbẹ̀, yóò sì dín ọ̀nà kù. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, nígbà tí òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lékenkà, omi dì nínú irú páìpù bẹ́ẹ̀ ní ilé púpọ̀ tí a ti gbé wọn gba ìta láì wé wọn, bọ́ílà sì kú ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lọ.

Ibi tí a fi ẹnu ọ̀nà èéfín sí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wà láàárín onílé, aládùúgbò àti oníṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ara ògiri ni ó dára. Ìwé ìlànà ìkọ́lé ti England gbé iye kalẹ̀ fún bọ́ílà tí fáànù ń ti èéfín rẹ̀. Ẹnu náà gbọ́dọ̀ jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó kéré tán, sí fèrèsé tí ń ṣí tàbí ihò atẹ́gùn, ìbáà jẹ́ lókè, nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 30 kan náà ni kí ó fi ga ju ilẹ̀ lọ. Bí ògiri tàbí ohun mìíràn bá kọjú sí i, ó gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí i. Bí ẹnu bọ́ílà mìíràn bá kọjú sí i, sẹ̀ǹtímítà 120, kí èkíní má baà máa mí èéfín èkejì sínú. Bí méjì bá wà lórí ògiri kan náà, tí ọ̀kan wà lókè èkejì, sẹ̀ǹtímítà 150 ni kí ó wà láàárín wọn. Níbi tí ọwọ́ ènìyàn bá ti lè kàn án, a ó fi àgò irin bò ó. Bọ́ílà tí kò ní fáànù ń fẹ́ àyè tí ó ju ìwọ̀nyí lọ, nítorí pé èéfín rẹ̀ kò ní agbára láti jìnnà sí ògiri. Bí ìwé tí ó bá bọ́ílà wá láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá sì béèrè àyè tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn ni kí a tẹ̀ lé.

Àwọn iye wọ̀nyí dà bí òfin tí àwọn akọ̀wé jókòó kọ fún ìgbádùn ara wọn, ṣùgbọ́n ìrònú kan ṣoṣo ni ó wà nídìí wọn: èéfín tí ó ti jáde kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà wọlé, kò sì gbọ́dọ̀ rí ìdènà tí yóò dá a padà sẹ́nu iná. Ẹni tí ó bá di ìrònú yìí mú yóò rí àṣìṣe kí ó tó mú okùn ìwọnlẹ̀. Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù kì í sì í ṣe ti ọjọ́ tí a gbé bọ́ílà wọlé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni onílé yóò kọ́ yàrá onígíláàsì mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí ẹnu páìpù tí ó ti wà níta yóò sì bá ara rẹ̀ nínú ilé. Tàbí kí ó lu fèrèsé tuntun sókè rẹ̀. Tàbí kí ó gbin òdòdó sídìí rẹ̀ tí yóò ga bò ó. Nígbà mìíràn, àwọn tí ń tún ara ilé ṣe yóò ta ọ̀rá yí àkàbà wọn ká kí ọ̀dà má baà ta sí aládùúgbò, wọn yóò sì ta á bo ẹnu bọ́ílà ilé mẹ́ta mẹ́rin láì mọ̀. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lára ilé tí ó ń gbé, tí bọ́ílà sì ń ṣiṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn àjà tún yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọ́n gbé bọ́ílà sí àárín gbùngbùn ilé, wọ́n sì gbé páìpù rẹ̀ gba òkè àjà lọ sí ògiri tí ó jìnnà. Nígbà tí wọ́n bá ti fi pátákó bo àjà tán, kò sí ẹni tí ó tún lè rí oríkèé kankan nínú páìpù náà, kì báà ṣe oníṣẹ́ tí a pè láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn ti yọ́ kúrò lára wọn láì sí ẹni tí ó mọ̀. Wọ́n fún àwọn onílé ní àkókò títí di òpin oṣù Kejìlá ọdún 2012 láti lu ojú ihò tí ó ní ìlẹ̀kùn sára àjà náà, tí ìbú àti òró rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí oríkèé kankan má sì ṣe jìnnà sí i ju mítà kan àbọ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bọ́ílà tí a kò bá lè rí ọ̀nà èéfín rẹ̀ báyìí ni oníṣẹ́ yóò kà sí eléwu, yóò sì tọrọ àyè láti pa á. Ayálégbé tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ a máa bínú sí oníṣẹ́ náà pé ó fi òun sílẹ̀ nínú òtútù. Onílé ni ó yẹ kí ó bínú sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham àti ní àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù mìíràn, yàrá ni wọ́n ń háyà, àwọn mìíràn sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí òun náà háyà ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ a máa bẹ̀rù pé bí òun bá ṣàròyé, wọn yóò ní kí òun kó ẹrù òun. Ó yẹ kí ó mọ ohun tí òfin ọdún 1998 lórí ààbò gáàsì fi lé onílé lọ́wọ́. Lọ́dọọdún ni onílé gbọ́dọ̀ mú oníṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe Register, èyí tí ó gba ipò CORGI ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, wá yẹ bọ́ílà àti ọ̀nà èéfín rẹ̀ wò. Ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ tẹ ayálégbé lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 28, ẹni tuntun sì gbọ́dọ̀ rí i gbà kí ó tó kó wọlé. Káàdì oníṣẹ́ náà ní àwòrán rẹ̀ ní iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni a kọ irú iṣẹ́ tí ó yege fún sí. Kò burú rárá láti ní kí ó fi hàn. Ọmọ ìyá wa tí ó mọ nǹkan tún ṣe, tí ó sì ń gba owó táṣẹ́rẹ́, lè kun ilé, ó lè tún ilẹ̀kùn ṣe. Òfin kò gbà á láyè láti fọwọ́ kan bọ́ílà bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, onílé tí ó háyà ilé ní England gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ akìlọ̀ kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì sí yàrá gbígbé yòówù tí bọ́ílà gáàsì bá wà. Ẹ̀rọ kékeré ni, owó rẹ̀ kò pọ̀, òun ni ó gba iṣẹ́ ẹyẹ kánárì. Láàárín mítà kan sí mẹ́ta sí bọ́ílà ni a sábà máa ń fi í sí, a sì gbọ́dọ̀ máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, nítorí pé òun náà ní ọjọ́ orí tí a kọ sí i lára. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ èéfín iná lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sì sí ẹ̀rọ akìlọ̀ tí ó lè tún ọ̀nà èéfín tí ó ti já ṣe. Ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni ó ń ké.

Bí ó bá ké, tàbí bí ara bá ń fura, kí a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí a pa bọ́ílà, kí gbogbo ènìyàn sì jáde síta, títí kan ẹni tí ó ní òun kàn fẹ́ sùn díẹ̀, nítorí pé oorun náà lè jẹ́ ara iṣẹ́ májèlé ọ̀hún. Láti òde ni kí a ti pe 0800 111 999, nọ́mbà pàjáwìrì gáàsì tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Bí ẹnì kan bá ti dákú, 999 ni kí a pè. Ẹni tí orí ń fọ́ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ fún dókítà pé bọ́ílà ni òun fura sí. Láàárín bí wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún tí ènìyàn bá ti ń mí afẹ́fẹ́ ìta, ìdajì májèlé náà yóò ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì kí ó tó lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè má rí nǹkan kan mọ́, wọn yóò sì dá a padà sí yàrá tí ó ti ń bọ̀.